Yíyan Ráífù Oníhò Ńlá Tí Kò Ní Kó Yín sí Gbèsè: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Máa Yìnbọn sí Àmì

Ọ̀rẹ́ mi kan ra ráífù ní ọ̀pọ̀ nígbà kan. Ẹni tó ń tà á fẹ́ kó kúrò nílé òun, owó tó bù lé e kéré, inú ọ̀rẹ́ mi sì dùn débi pé kò sí ẹni tí kò fi hàn. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ìbọn náà fi wọ inú àpótí irin tí kò jáde mọ́, tí ọ̀gbẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í yá tèmi yìn ní pápá. Ìbọn rẹ̀ kò bàjẹ́ o. Ọta rẹ̀ ni apá rẹ̀ kò ká. Mágásìn, àpò tí ọta ń wọ̀ sí, ẹyọ kan péré ló bá ìbọn náà wá, kò sì sí ibi tí yóò ti rí òmíràn rà, nítorí wọn kò ṣe irú rẹ̀ mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń ka èyí nìyẹn: iye tí wọ́n kọ sára ìbọn kì í ṣe iye tí ìbọn máa ná yín. Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀ là á ra ọ̀bùn, ọ̀wọ́n là á ra ògo. Nídìí ráífù, òwe yẹn kì í fi gbogbo ìgbà ṣẹ. Mo ti rí ọ̀wọ́n tó jẹ́ ọ̀bùn, mo sì ti rí ìbọn olówó pọ́ọ́kú tó ń to ihò sójú ìwé àmì bí ẹni to ìlẹ̀kẹ̀.

Ráífù tí mò ń sọ níhìn-ín ni èyí tó ń ki ara rẹ̀. Ẹ fa tírígà lẹ́ẹ̀kan, ọta kan jáde. Agbára ẹ̀tù tó jó ló ń ti bóòtù, irin tó ń dí ẹ̀yìn ọta, sẹ́yìn, bóòtù ń tu kòròfo ọta dànù, síríǹgì sì ń tì í padà síwájú kó gbé ọta tuntun wọlé. Ẹ gbọ́dọ̀ tú ìka sílẹ̀ kí ẹ tó lè fa èkejì. Kì í ṣe ìbọn tó ń dà ọta jáde bí òjò tí wọ́n ń lò lójú ogun. Ní ti ihò ńlá, àwọn tí ọta wọn fẹ̀ tó mìlímítà 7.62, tàbí tó sún mọ́ ọn, ni mo ní lọ́kàn, kì í ṣe .223 kékeré (bí ọta ṣe fẹ̀ tó ní ínṣì ni irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀) tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo òfin kí ẹ tó wo ìbọn

Mi ò ní pẹ́ níbí, àmọ́ ẹ má fò ó. Ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti fòfin de ráífù tó ń ki ara rẹ̀ láti 1988, àfi àwọn kékeré oní-.22. Ọsirélíà ká tiwọn kò ní 1996, New Zealand ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2019, Kánádà sì fòfin de AR-10 àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2020. Ní Jámánì, ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn fún eré ìdárayá ní láti ti wà nínú ẹgbẹ́ ayìnbọn fún oṣù 12 ó kéré tán. Ní Amẹ́ríkà, ohun tí ìpínlẹ̀ kan gbà láyè, ìpínlẹ̀ tó múlé gbè é lè kọ̀ ọ́, àwọn kan kì í sì í gba mágásìn tó gba ju ọta 10 lọ. Ibi yòówù kí ẹ wà, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tajà fún yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dé pápá tí ẹ ó ti máa yìn ín. Ẹ bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta: ṣé wọ́n gba ọta oníhò ńlá, báwo ni àmì wọn tó jìnnà jù ṣe jìnnà tó, irú ọta wo ni wọ́n kọ̀? Ọ̀pọ̀ pápá ni kì í gba ọta tí irin wà nínú rẹ̀, torí pé ó ń dá ògiri ìdáàbòbò lu, ó sì lè dáná sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mágínẹ́ẹ̀tì, irin tó ń fa irin mọ́ra, ni wọ́n fi ń dán an wò lẹ́nu ọ̀nà: bó bá lẹ̀ mọ́ orí ọta, ó di kí ẹ gbé e padà sílé. Ẹni tó ti ra páálí méjìlá kó tó mọ̀ yóò ṣàlàyé fún yín bó ṣe dùn tó.

Báwo ni àmì yín ṣe jìnnà tó?

Bó bá jẹ́ pé 100 mítà ni pápá yín gùn mọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ìbọn 1,000 mítà fún yín. Ní 100 mítà, ọ̀pọ̀ ọta ló ń ṣe dáadáa, ẹ̀fúùfù kì í rí i gbé sọnù. Láti 300 mítà lọ ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà. Ìdíje ráífù ńlá tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà máa ń wáyé ní 200, 300 àti 600 yáàdì, ráífù tó bá lè ṣe déédéé ní 600 sì ti tó fún ẹni púpọ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ìwọ̀n kan wà tí ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu gbogbo ayìnbọn: MOA (minute of angle, ìdá kan nínú ọgọ́ta dígírì kan), tí wọ́n fi ń wọn bí ihò ṣe fọ́n ká tó. Ní 100 mítà, MOA kan jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.9, ó sì ń fẹ̀ sí i bí ọ̀nà ṣe ń jìn: ní 300 mítà, ó ti di bíi 8.7. Bí ìbọn bá ń ṣu ọta jọ sínú MOA 2, ihò márùn-ún tí ẹ bá yìn ní 100 mítà yóò wà láàárín ibi tí kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, MOA 2 kì í ṣe ohun ìtìjú rárá. Ìbọn MOA 1 lọ́wọ́ ẹni tí ara rẹ̀ ń ta gìrì kò ní ṣe dáadáa ju MOA 4 lọ. Owó tí ẹ bá fi ra ìyàtọ̀ yẹn ẹ ti sọ nù.

Ọta ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, ìbọn lẹ́yìn

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ ń lọ sí pápá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, tí ẹ ń yin ọta 50 nígbà kọ̀ọ̀kan. Ọta 1,200 nìyẹn lọ́dún. Bí iye ọta kan bá jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún owó ìbọn, kí ọdún tó yí po ẹ ti ra ìbọn náà lẹ́ẹ̀kejì, ẹ sì tún lé e. Lọ́dún karùn-ún, owó ìbọn ti di ìdá kékeré nínú ohun tí ẹ ná. Nítorí náà, ìbọn tó fi díẹ̀ wọ́n ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, àmọ́ tí ọta rẹ̀ fi ìdajì rọ̀ jù, òun ni olówó pọ́ọ́kú nínú àwọn méjèèjì.

Ọta .308 Winchester ni mo máa ń sọ fún èèyàn pé kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún 1952 ló jáde, nígbà tó sì di 1954, àwọn ológun NATO mú ìbejì rẹ̀, 7.62×51, gẹ́gẹ́ bí ọta wọn. Nítorí ìyẹn, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ṣe é, láti èyí tó rọjú tí wọ́n ń lò fún ìdánrawò títí dé èyí tí wọ́n fi ń gba ife ẹ̀yẹ. Mo pè wọ́n ní ìbejì, àmọ́ wọn kì í ṣe ẹnì kan náà: iyàrá ọta, ibi tí ọta ń jókòó sí nínú ọ̀pá, nínú ìbọn ológun lè gùn díẹ̀ ju ti ìbọn títà lásán, bẹ́ẹ̀ kòròfo .308 tí wọ́n ń tà fún ará ìlú sábà máa ń tín-ín-rín ju ti ológun lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ra ìbọn àtijọ́ kan tí wọ́n ṣe fún 7.62×51, ẹ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ ìbọn fi gééjì wọn iyàrá yẹn kí ẹ tó ki .308 sí i.

6.5 Creedmoor dé ní 2007. Ọta rẹ̀ tín-ín-rín, ó gùn, ẹ̀fúùfù kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i tì, kì í sì í gbá èjìká tó .308. Ibi tó ti ń jẹ owó ni pé ọ̀pá ìbọn rẹ̀ ń tètè gbó: nǹkan bí ọta 2,000 sí 3,000, ó ti ń ṣe bí arúgbó, nígbà tí ọ̀pá .308 lè dé 5,000 tàbí kó kọjá bẹ́ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ihò káàkiri. Ẹ ó san owó ọ̀pá tuntun, ẹ ó san owó ẹni tó máa wé e mọ́ ìbọn. Bí àmì yín kò bá kọjá 300 mítà, mi ò rí ìdí tí ẹ fi máa san án.

7.62×39 ni ọta SKS àti àwọn ẹbí AK, ìbọn ológun ilẹ̀ Soviet àtijọ́. Ó rọjú, kì í gbá èèyàn púpọ̀, àmọ́ lẹ́yìn 300 mítà ó ti rẹ̀ ẹ́, ìbọn tó ń gbé e kì í sì í ṣe àwọn tí wọ́n ṣe nítorí kí ihò lè ṣù jọ. Ẹ lè gbádùn rẹ̀ sára àwo irin ní 100 mítà. Fún ìwé àmì, ẹ fi sílẹ̀. .30-06, tó ti wà láti 1906, dára gan-an, ṣùgbọ́n nínú àwọn ìbọn tó ń ki ara wọn, M1 Garand ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù, mo sì ń bọ̀ wá dé orí ìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún ọta ológun àtijọ́ tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ lára wọn, ohun tó ń tan iná sí ẹ̀tù máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pá. Iyọ̀ yẹn ń fa omi inú afẹ́fẹ́, kí ẹ sì tó sùn kí ẹ jí lẹ́ẹ̀mejì, ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀. Òróró ìbọn nìkan kì í yọ iyọ̀. Omi gbígbóná ló ń yọ ọ́: ẹ dà á gba inú ọ̀pá kọjá, ẹ nù ún gbẹ dáadáa, kí ẹ wá fi òróró sí i. Ẹ rántí ihò tí gáàsì ń gbà àti písítínì rẹ̀ náà, torí iyọ̀ ń dé ibẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọ̀lẹ ni òun nídìí fífọ ìbọn, kó yáa san owó ọta tuntun.

Ìdílé ìbọn mẹ́rin, àti ohun tí ẹ máa bá nílé wọn

Èyí tó pọ̀ jù lójú ọjà lónìí ni ìdílé AR-10, tí Eugene Stoner dá sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ ArmaLite ní àárín àwọn ọdún 1950. Ó rọrùn láti gbé awò tó ń mú àmì sún mọ́ni sí i lórí, tírígà rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, ọ̀pá rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, àwọn olówó pọ́ọ́kú inú rẹ̀ sì sábà máa ń ṣù jọ ju ohun tí owó wọn fi hàn lọ. Ẹ̀gún kan wà níbẹ̀ tí kì í sí nínú AR-15 àbúrò rẹ̀: kò sí ìwọ̀n kan ṣoṣo tí gbogbo aṣèbọn gbà. Mágásìn ti ArmaLite yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń lò fún SR-25, ìbọn míì nínú ìdílé yìí, àti ìbọn tó tẹ̀ lé ìlànà iléeṣẹ́ DPMS. Òkè ìbọn iléeṣẹ́ kan lè kọ̀ láti jókòó sórí ìsàlẹ̀ ti iléeṣẹ́ míì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè pé “mágásìn ta ni ìbọn yìí ń gbà?” Bó bá jẹ́ ti SR-25, ọkàn yín balẹ̀, ó wà káàkiri. Bó bá jẹ́ ti ara rẹ̀ nìkan, ẹ rántí ọ̀rẹ́ mi.

Láìpẹ́ yìí wọ́n ti ń ṣe .308 tí ara rẹ̀ kò tóbi ju AR-15 lọ. Ruger SFAR tó jáde ní 2022 jẹ́ ọ̀kan, èyí tó fúyẹ́ jù nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílò 3.1 lọ. Lórí káńtà, ẹ gbé e, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní pápá, lẹ́yìn ọta ogójì, ẹ̀rín náà á ti lọ. Ìbọn fúyẹ́ ń gbá èèyàn, kò sí ọgbọ́n tí a lè ta sí i. Ẹni tó ń ṣọdẹ lórí òkè ni ìfúyẹ́ wúlò fún. Ẹni tó ń jókòó sídìí tábìlì yìnbọn sí àmì, kílò 4 sí 5 ni ọ̀rẹ́ rẹ̀.

M1A ni ìbọn ará ìlú tí wọ́n fi àwòṣe M14 ṣe, M14 yẹn ni àwọn ológun Amẹ́ríkà gbà ní 1957. Irin ìfojúsùn tó wà lórí rẹ̀ dára débi pé ẹ lè ṣe ọdún méjì láì ra awò. Àmọ́ bí ẹ bá wá fẹ́ gbé awò sí i, ohun tí yóò di í mú kò rọjú, kì í sì í tètè dúró sójú kan. Igi ìdí rẹ̀ náà nílò kó di irin mú ṣinṣin kí ihò tó lè ṣù, iṣẹ́ yẹn sì ń gba owó.

Ìdílé G3 ti Jámánì, tí PTR 91 jẹ́ ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lágbára bí òkúta. Mágásìn rẹ̀ wà lára àwọn tó rọjú jù láàárín gbogbo .308, torí àwọn ológun ti tú wọn dà sí ọjà. Kò ní ihò gáàsì tí ẹ ó máa fọ̀, rólà kéékèèké méjì ló ń dá bóòtù dúró díẹ̀ kó tó ṣí. Àléébù rẹ̀ méjì: tírígà rẹ̀ wúwo bí ìlẹ̀kùn ilé àtijọ́, ó sì ń ju kòròfo dànù jìnnà, á tẹ̀ ẹ́, á sì fi ilà dúdú sí i lára. Bí ẹ bá ń gbèrò láti máa ṣa kòròfo kí ẹ tún fi ẹ̀tù sí i lò lẹ́ẹ̀kejì, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń dín owó ọta kù, ìdílé yìí kò ní bá yín ṣe.

Lẹ́yìn náà ni M1 Garand. John Garand ló ṣe é, wọ́n gbà á fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní 1936, ọta mẹ́jọ ló ń gbà nínú irin kékeré kan tó ń fò jáde pẹ̀lú ìró “píngì” nígbà tí ọta bá tán. Ní Amẹ́ríkà, Civilian Marksmanship Program, àjọ tó ń kọ́ ará ìlú ní ìyìnbọn, ń tà á fún ará ìlú tó bá kún ojú òṣùwọ̀n wọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà ẹ fojú ìfura wo ohun tí mo bá sọ nípa rẹ̀. Ẹ kàn má fi gbogbo .30-06 tí ẹ bá rí bọ́ ọ. Àwọn ọta ọdẹ tí orí wọn wúwo, tí ẹ̀tù wọn ń jó pẹ́, máa ń ti ọ̀pá gígùn tó ń fa bóòtù ju bó ṣe lè gbà lọ, ó sì lè tẹ̀. Ọta tí wọ́n kọ “Garand” sí lára, tí orí rẹ̀ jẹ́ bíi gíréènì 150 (gíréènì ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo orí ọta), ni kí ẹ wá.

Bí ẹ bá dúró níwájú àlòkù

Ráífù àlòkù ni owó ti ń rọ̀ jù, níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rẹ́ èèyàn jẹ. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kékeré, aṣọ funfun kan àti ọta ìdánrawò tí kò ní ẹ̀tù dání.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ yọ mágásìn, kí ẹ fa bóòtù sẹ́yìn, kí ẹ fi ojú wo inú, kí ẹ tún fi ìka tọ́ ibẹ̀ wò pé kò sí ọta. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ pé “kò sí nǹkan níbẹ̀, mo ti wò ó”, ẹ rẹ́rìn-ín sí i, kí ẹ sì tún wò ó. Ẹnu ìbọn kì í kọjú sí ènìyàn, ìka kì í sì í wọlé tírígà.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn, kí ẹ máa wo ọ̀pá láti iwájú. Ilà tó ń yí inú rẹ̀ ká yẹ kó mú rìgìdì látòkè délẹ̀. Bó bá dúdú níbi kan, ẹ fi aṣọ tó lóróró gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ̀tù jíjó á bá aṣọ jáde, ihò ìpẹtà ò ní jáde. Òrùka dídán tàbí dúdú kan láàárín ọ̀pá lè túmọ̀ sí pé ọta kan ti há síbẹ̀ rí tí wọ́n sì yin òmíràn tẹ̀ lé e, inú ọ̀pá ti wú. Ìbọn yẹn, ẹ gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ẹ wá yí ẹnu ọ̀pá sójú ìmọ́lẹ̀. Etí ihò yẹn ni ohun ìkẹyìn tó ń fọwọ́ kan ọta kó tó lọ. Bí etí náà bá fọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí ọ̀pá ìfọ̀bọn ti fá a lára, gáàsì á jáde ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣáájú èkejì, á sì máa ti ọta yà. Ẹ ki orí ọta ìdánrawò yẹn sí ẹnu ọ̀pá. Bí ọ̀pá bá gbé orí náà mì tán títí ó fi kan kòròfo, inú rẹ̀ ti gbó. Etí tó fọ́ ṣeé tún gé, alágbẹ̀dẹ ìbọn lè ṣe é láì gba owó ńlá, mo sì ti fi ìyẹn dín owó ìbọn kù rí. Ọ̀pá tó gbó kò ní oògùn.

Nídìí ìdílé G3, ẹ ti bóòtù pa láìsí ọta, kí ẹ fi irin pẹlẹbẹ ìwọ̀n wọn àlàfo tó wà láàárín orí bóòtù àti ara rẹ̀. Ó yẹ kó wà láàárín mìlímítà 0.1 sí 0.5. Bí kò bá sí àlàfo rárá, rólà tàbí ọ̀pá ti jẹ.

Bí wọ́n bá gbà kí ẹ yin díẹ̀, ẹ yin mẹ́wàá, kí ẹ sì ṣa kòròfo wọn. Kòròfo kì í purọ́. Ẹ yí i nínú oòrùn. Bí ẹ bá rí òrùka tó ń dán yí i ká, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan láti ìdí rẹ̀, irin ibẹ̀ ti ń fà, iyàrá ọta ti gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Kòròfo lè fẹ́ já sí méjì níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ má ra á.

Tírígà, awò, àti èjìká yín

Nínú gbogbo ohun tí ẹ lè fi kún ìbọn, tírígà tó dára ló ń mú kí ihò ṣù jọ jù. Èyí tó yẹ kí ẹ wá ni èyí tó dúró digbí, tó sì já lójijì bí ìgbà tí igi ìṣáná bá ṣẹ́, kì í ṣe èyí tó ń fà bí gọ́ọ̀mù. Ẹ fi alágbẹ̀dẹ ìbọn ṣe é. Tírígà tí ẹni tí kò mọ̀ bá fi fáìlì fá lè jẹ́ kí ìbọn dún láìròtẹ́lẹ̀.

Ní ti awò, ọ̀pọ̀ èèyàn ń náwó tán sórí ìbọn, wọ́n á wá fi awò ìṣeré sí i. .308 máa ń gbọn awò yẹn títí inú rẹ̀ á fi tú. Ẹ fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ẹ ní sílẹ̀ fún awò àti òrùka tó máa dì í mú. Fún 300 mítà, awò tó ń mú nǹkan sún mọ́ni lọ́nà mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ti tó. Ẹ rí i pé ojú yín jìnnà sí i tó bíi sẹ̀ǹtímítà 9, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á fi etí rẹ̀ kọ ilà sí yín lójú. Ilà tèmi ṣì wà ní ojú ọ̀tún títí dòní.

Ìró .308 lè kọjá désíbẹ́ẹ̀lì 150 létí ẹni tó ń yìn ín, bẹ́ẹ̀ 140 ti tó láti ba etí jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ ki etí ní ìdí-etí, kí ẹ tún gbé ìbò etí lé e. Ẹ fi gíláàsì ìdáàbòbò sójú. Owó wọn wà nínú owó ìbọn, kì í ṣe àfikún. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́: kí ọta wà lọ́tọ̀, kí ìbọn wà lọ́tọ̀, kí ọmọdé má mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ní pápá

Ẹ ra oríṣi ọta mẹ́ta, páálí kọ̀ọ̀kan. Ìbọn méjì tó jáde ní iléeṣẹ́ kan náà lọ́jọ́ kan náà lè fẹ́ràn ọta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fún .308, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan jẹ́ gíréènì 147 tàbí 150, kí ọ̀kan jẹ́ 168, kí ọ̀kan sì jẹ́ 175. Gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, kì í ṣe lé igi. Ẹ yin márùn-ún márùn-ún, kí ẹ dúró kí ọ̀pá tutù. Ẹ má ka ihò mẹ́ta sí nǹkan kan: ihò mẹ́ta máa ń ṣù jọ nípa oríire, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì kún fún irú oríire bẹ́ẹ̀.

Bí ihò bá fọ́n ká, ẹ má tíì bú ìbọn. Ẹ ní kí ẹnìkan bá yín ki mágásìn, kó fi ọta ìdánrawò kan pamọ́ sáàárín àwọn tòótọ́ láì sọ ibi tó wà. Nígbà tí ẹ bá dé orí rẹ̀, ìbọn kò ní dún. Bí ẹnu ìbọn bá tẹ̀ sílẹ̀ fìrì nígbà náà, ara yín ló ń ta gìrì de ìró. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é fún mi, ẹnu ìbọn mi lọ sílẹ̀ bí ẹni tó kí ọba, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn mi sì rín títí. Oṣù méjì ni mo fi ń fa tírígà ìbọn òfìfo nílé, láàárọ̀ àti lálẹ́, pẹ̀lú owó ẹyọ kan lórí ọ̀pá. Nígbà tí owó ẹyọ náà kò jábọ́ mọ́, mo padà sí pápá pẹ̀lú ìbọn kan náà àti ọta kan náà, ihò márùn-ún sì wọ inú ohun tí àtẹ́lẹwọ́ mi lè bò.

Ẹ ní ìwé kékeré kan nínú àpò ìbọn. Ẹ kọ oríṣi ọta síbẹ̀, iye tí ẹ yìn, bí ihò ṣe fẹ̀ tó, bóyá ẹ̀fúùfù ń fẹ́. Lẹ́yìn ọta 20 àkọ́kọ́, ẹ tún àwọn ìdè òrùka awò dì, torí wọ́n á ti tú díẹ̀.